Gbèsè Owó Orí Ìpínlẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yanjú Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Gbà Á

Owó orí ìpínlẹ̀ ni èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san lórí owó tó ń wọlé fún un láti ìdí iṣẹ́ oṣù, òwò, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ilé tó fi háyà. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ń gba owó orí lórí èrè kọ́ńpìnnì àti owó orí ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Aláùsá tàbí télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣakí, ọwọ́ àjọ owó orí ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà wọlé. Fún òṣìṣẹ́ olówó oṣù, agbanisíṣẹ́ ló ń yọ ọ́ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní PAYE. Oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, lọ́yà tó dá dúró àti onílé ní láti ka owó tó wọlé fún wọn fúnra wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì lọ san ohun tó bá yọ níbẹ̀.

Ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń sùn ní Mọ̀wé, Ìbàfò tàbí Akútè, tó ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà láràárọ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni owó orí rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá kó owó orí gbogbo òṣìṣẹ́ pọ̀ lọ sí Èkó, Ògùn ṣì lè béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni gbèsè tí kò yẹ kó wáyé ti ń bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́sì ilé tí òṣìṣẹ́ kọ sínú fáìlì ọ́fíìsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

Òfin owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1993, tí wọ́n tún ṣe ní 2011, ni gbogbo ìpínlẹ̀ fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun mẹ́rin, tí èyí tó kan owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Lábẹ́ òfin tuntun yìí, kò sí owó orí kankan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ń gbà; lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, ìdá 18; bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí dé ìdá 25 lórí ohun tó bá ju ₦50,000,000 lọ. Ẹni tó ń san rẹ́ǹtì ilé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ́ǹtì ọdún náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò, bí iye tó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ kì í san rárá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ọ̀pọ̀ ìyá ọjà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń sá fún ọ́fíìsì owó orí nítorí gbèsè tí wọn kò jẹ.

Òfin dá ọjọ́ fún gbogbo rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi owó PAYE oṣù kan ránṣẹ́ kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e. Títí di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ló ní láti fi kó àkọsílẹ̀ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún tó kọjá sílẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ní títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta láti sọ iye tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ lé e yóò san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé owó orí tó jẹ gan-an kò tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe jìbìtì nìkan ló ń bí gbèsè owó orí. Ìdákẹ́ náà ń bí i, èyí sì ni irú gbèsè àkọ́kọ́. Bí àjọ owó orí kò bá rí fọ́ọ̀mù gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà pé ó ń rí owó, tàbí tí ohun tó kọ sílẹ̀ kò bá jọ òótọ́ lójú wọn, òfin fún wọn láṣẹ láti fojú díwọ̀n owó tó ń wọlé fún un, kí wọ́n sì fi ìwé owó orí ránṣẹ́ sí i lórí ìdíwọ̀n náà. Ìwé yìí ló ń dá jìnnìjìnnì bo ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń jù sínú dúrọ́ọ̀ tí wọn kì í padà wò mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìdíwọ̀n kì í ṣe ìdájọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ wà fún ẹni tó gba ìwé náà láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìsí ìwé àtakò, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti di gbèsè tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bí àpẹẹrẹ, ìyá kan ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Kò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Òṣìṣẹ́ owó orí dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rí òkìtì àǹkárá àti léèsì láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ó sì gbà pé èrè rẹ̀ lọ́dún kò lè dín ní ₦6,000,000. Owó orí lórí èyí jẹ́ ₦330,000 lórí ìpele ìdá 15, àti ₦540,000 lórí ìpele ìdá 18: àpapọ̀ ₦870,000. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà kò lè fojú rí ni pé àwìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ náà. Ìwé ìyá yìí fi hàn pé ó ta ọjà ₦14,000,000 láàárín ọdún náà, pé ₦10,200,000 ló fi ra aṣọ tó tà, pé owó ṣọ́ọ̀bù, owó alábàárù, owó mọ́tò àti owó ọmọ tó ń bá a tajà jẹ́ ₦1,400,000. Èrè tó kù jẹ́ ₦2,400,000. Rẹ́ǹtì ilé tó ń gbé jẹ́ ₦600,000, òfin sì gbà á láyè láti yọ ₦120,000 kúrò nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá tún yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ₦1,480,000 ló kù tí wọ́n máa gba ìdá 15 lórí rẹ̀, ìyẹn ₦222,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ₦870,000 àti ₦222,000 kò ju ìwé ìnáwó kan àti lẹ́tà kan lọ.

Lẹ́tà àtakò kò nílò èdè lọ́yà. Ohun tí òfin ń fẹ́ kó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ àti nọ́ńbà owó orí ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà àti ọjọ́ ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ìdí tó fi ń takò ó ní pàtó, àti iye tí òun gbà pé ó tọ́. Kíkọ ọ́ pé owó náà pọ̀ jù kò tó. Rìsíìtì tí wọ́n fi ra ọjà, àkọsílẹ̀ báńkì, ìwé rẹ́ǹtì àti ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà títà sí lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Kí ẹni tó kọ ọ́ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọjọ́ sì wà lórí òǹtẹ̀ náà, nítorí òun ni ẹ̀rí pé ọgbọ̀n ọjọ́ kò tíì pé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn èyí, àjọ náà lè pè é wá kí wọ́n jọ yẹ ìwé wò. Ìpàdé yìí ni ọ̀pọ̀ gbèsè ti ń yanjú. Bí wọ́n bá fẹnu kò, wọ́n á tún ìwé owó orí náà kọ. Bí wọn kò bá fẹnu kò, tí àjọ náà sì kọ̀wé pé àwọn dúró lórí ohun táwọn sọ, asanwó orí tún ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, èyí tó ń jókòó ní Èkó àti n'Ìbàdàn pẹ̀lú. Láti ibẹ̀, ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí ilé ẹjọ́ gíga lórí ohun tó jẹ mọ́ òfin.

Irú gbèsè kejì dun ni jù, nítorí ẹni tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó jẹ ẹ́. Òṣìṣẹ́ kan wo ìwé owó oṣù rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ń yọ PAYE lóṣooṣù. Ó wá lọ gba ìwé ẹ̀rí owó orí, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ti yọ owó, kò fi í ránṣẹ́. Lójú òfin, owó tí agbanisíṣẹ́ yọ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Àjọ owó orí lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtanràn àti èlé. Ìwé owó oṣù tí òṣìṣẹ́ tọ́jú, àti àkọsílẹ̀ báńkì tó fi iye tó wọlé hàn, ni ohun tó máa gbé e yọ. Ẹni tó bá ń ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù ń sọ ẹ̀rí rẹ̀ nù ni.

Ti ẹ̀kẹta ni owó tí wọ́n san, àmọ́ tí kò wọ orúkọ ẹni tó san án. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà kan ni wọ́n ṣì kọ ní báńkì, tàbí kí orúkọ lójú ìwé kan má bá ti òmíràn mu, bíi ti obìnrin tó ń lo orúkọ ọkọ níbi kan tó sì ń lo orúkọ bàbá rẹ̀ níbòmíràn. Kò sí ìjà nínú èyí. Rìsíìtì báńkì àti lẹ́tà kúkúrú tó ní kí wọ́n bá òun so owó náà mọ́ orúkọ òun ti tó. Òfin tuntun ti so nọ́ńbà owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ NIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí sì yẹ kó dín irú àṣìṣe yìí kù bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún.

Bí gbèsè bá wá jẹ́ òótọ́, tí owó kò sì sí nílẹ̀, ọ̀nà tó wà ni láti kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n gbà kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye tó lè san lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iye tó máa san lóṣooṣù àti oṣù tó máa parí. Ṣíṣe ìlérí ńlá kí wọ́n lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣe é lóore, torí pé bí oṣù kejì bá dé tí kò rí owó san, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ìgbà kan sì wà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn àánú. Ní oṣù keje 2017, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní VAIDS: ẹni tó bá jáde wá jẹ́wọ́ owó orí tí kò san, wọ́n fa ìtanràn àti èlé rẹ̀ nù, wọ́n sì gbà kó san owó náà láàárín ọdún mẹ́ta. Oṣù kẹta 2018 ló yẹ kó parí, wọ́n sún un dé oṣù kẹfà.

Ẹni tó kọ̀ láti san tí kò sì sọ̀rọ̀ ni òfin ń fi ọwọ́ líle mú. Àjọ owó orí lè kọ̀wé sí ẹni tí owó onígbèsè wà lọ́wọ́ rẹ̀, bíi báńkì tàbí ayálégbé, pé kó san án fún àwọn dípò olówó. Wọ́n tún lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá. Kí òfin tuntun tó dé, àtúnṣe òfin ní 2011 là á kalẹ̀ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí: òṣìṣẹ́ owó orí ní láti kọ́kọ́ lọ búra níwájú adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, kó gba ìwé àṣẹ. Ohun tí wọ́n bá gbé, ọjọ́ 14 ni wọn yóò fi dúró kí wọ́n tó lè tà á. Ilé àti ilẹ̀ kò ṣe é tà láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àgádágodo, tí kò ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, oníṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ náà kò sì lè máa walẹ̀ lọ títí: ọdún mẹ́fà ni òfin 1993 gbà wọ́n láyè láti padà sẹ́yìn, àyàfi bí jìbìtì bá wà níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí owó orí ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí. Owó orí ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ló ń jẹ́rìí sí, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni òfin fún àjọ náà láti fi í lé ẹni tí kò jẹ gbèsè lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n sọ ìdí tí wọn kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, tó fẹ́ gba ìwé ilẹ̀ C of O, tàbí tó fẹ́ du ipò òṣèlú kò lè ṣe é láìní i.

Lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n ti ń kọ ìwé yìí, ènìyàn ló jókòó síbẹ̀, òfin kan náà ló sì de òun àti asanwó orí. Ìgbìmọ̀ ló ń darí àjọ owó orí ìpínlẹ̀. Gómìnà ló ń yan alága rẹ̀, ẹni tó gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ owó orí dunjú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀ka tó ń forúkọ asanwó orí sílẹ̀, ẹ̀ka PAYE, ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò, ẹ̀ka tó ń lépa gbèsè, ẹ̀ka òfin, àti àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe oníṣirò owó nìkan ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ètò ọrọ̀ ajé, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí owó orí fúnra rẹ̀ ní pólí àti yunifásítì ní àyè níbẹ̀. Ìdánwò CITN, àjọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ owó orí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1992, àti ti àwọn ẹgbẹ́ oníṣirò owó, ICAN tàbí ANAN, máa ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti gòkè lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà bí èyí tí ènìyàn ń rò. Ayẹ̀wéwò tó lọ sí ilé iṣẹ́ kan máa ń gbé àkọsílẹ̀ owó oṣù sí ẹ̀gbẹ́ kan, àkọsílẹ̀ báńkì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò wá máa fi orúkọ wé orúkọ, oṣù wé oṣù. Ibi tí òṣìṣẹ́ 40 gba owó nínú àkọsílẹ̀ báńkì, tó jẹ́ pé 25 péré ni PAYE wọn wọlé, ìbéèrè ti dé nìyẹn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Òṣìṣẹ́ náà ti búra pé òun kò ní tú àṣírí owó ẹnikẹ́ni síta, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó orí sọ́wọ́ ara rẹ̀. Inú àkáǹtì ìjọba ní báńkì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni owó ń lọ tààrà, kí rìsíìtì tó jáde. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 sì ti kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àjọ owó orí, láti dí ojú ọ̀nà nítorí àtigba owó orí.

Ìjà lórí owó orí ní ìtàn nílẹ̀ Yorùbá, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ní 1918, owó orí wà lára ohun tó dá Ogun Adùbí sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti takò owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí tí Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi kọ ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Owó orí tó ga wà nínú ẹ̀dùn ọkàn wọn, àmọ́ ìwà àwọn agbowó orí tó ń ya wọ ilé àwọn àgbẹ̀, tó ń lù wọ́n, tó sì ń dójú tì wọ́n, ló bí wọn nínú jù. Ìjọba Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ ní láti dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ adájọ́ tí àtúnṣe òfin 2011 ní kí òṣìṣẹ́ mú dání wà láti dènà.

Òfin 2025 tún fi ohun kan kún un. Ó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, Tax Ombud, tí asanwó orí lè gbé ẹ̀sùn lọ bá bí òṣìṣẹ́ owó orí bá fìyà jẹ ẹ́, bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀ láìnídìí, tàbí tí wọ́n bá lo agbára kọjá ibi tí òfin fi mọ. Kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì rọ́pò lẹ́tà àtakò tí ọgbọ̀n ọjọ́ wà fún. Ìwà òṣìṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ ni ọ́fíìsì yìí wà fún, nígbà tí iye owó orí fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àjọ owó orí àti ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.